Egungun Inú Etí Tó Jẹ, Tó Yẹ̀ tàbí Tó Gan: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìwé tó wọlé lórí iṣẹ́ abẹ egungun etí pọ̀, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè: irú egungun wo ló dára jù láti fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́? A ó dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti sọ ọ́ báyìí pé ohun tí wọ́n fi rọ́pò egungun kọ́ ló sábà máa ń pinnu bí ènìyàn yóò ṣe gbọ́ràn tó. Ipò tí etí fúnra rẹ̀ wà ni. A gé àwọn ìwé yín kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Láti kékeré ni etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń tú ọyún. Ó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, àmọ́ kò gbọ́ràn dáadáa níbẹ̀. Dókítà ní ìlù etí rẹ̀ ti lu, ó sì jọ pé egungun inú rẹ̀ ti jẹ. Báwo ni egungun ṣe ń jẹ nínú etí? Ṣé wọ́n lè tún un ṣe? (Ìyá kan, Òṣogbo)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n lè tún un ṣe, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ibi tó bàjẹ́ jẹ́ ibi tí ọwọ́ lè tó.

Lẹ́yìn ìlù etí, egungun mẹ́ta ló so kọ́ra wọn. Malleus lẹ̀ mọ́ ìlù etí. Incus wà láàárín. Stapes gbé ẹsẹ̀ lé ojú ihò kékeré kan tó wọ inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí omi wà. Stapes yìí ló kéré jù nínú gbogbo egungun ara ènìyàn. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 ó lé díẹ̀. Ohùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò ní agbára tó láti mi omi, ìdí nìyẹn tí àwọn egungun yìí fi wà. Apá ìlù etí tó ń mì fẹ̀ tó ìlọ́po 17 ojú ẹsẹ̀ stapes, nítorí náà agbára tó tàn ká ìlù etí yóò kó jọ sí ojú kan ṣoṣo. Bí ìsokọ́ra náà bá já níbì kan, agbára yẹn dànù.

Nígbà tí ọyún bá pẹ́ nínú etí, awọ tó bo àwọn egungun náà á wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Incus ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, pàápàá ẹnu apá rẹ̀ gígùn tó kan orí stapes, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Apá òkè stapes ló máa ń tẹ̀ lé e. Malleus ló máa ń pẹ́ jù kó tó bàjẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ cholesteatoma ló wà níbẹ̀, ìyẹn awọ ara tó ti wọ àárín etí, tó ń kó ìpẹ́pẹ́ jọ, tó sì ń tóbi sí i, egungun á tètè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọyún tó ń rùn gan-an, tí kì í tán láìka oògùn sí, yẹ kó mú wa fura sí i. Kò sí oògùn tó ń wo cholesteatoma. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ dé iṣan tó ń darí ojú, ó sì lè dé ọpọlọ.

Kí wọ́n tó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè ìdánwò ìgbọ́ràn tó pé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n á fi ohùn gba ihò etí wọlé, wọ́n á tún fi ohun kan tó ń gbọ̀n lé egungun ẹ̀yìn etí, wọ́n á sì máa fi ariwo dí etí kejì kó má bàa ṣe jẹ́rìí èké. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ lórí ìwé ìdánwò náà. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni ohun tí iṣẹ́ abẹ lè dí. Bí ìlù etí bá kàn lu, àlàfo náà kì í sábà ju 30 sí 40 dB (decibel, òṣùwọ̀n ohùn) lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a fura sí egungun. Bí ìlù etí bá pé ṣùgbọ́n tí egungun já lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo lè tó 60 dB. Ní ti ìlà egungun, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ohun tó ń gbọ̀n lẹ́yìn etí yà, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti wálẹ̀, inú etí lọ́hùn-ún tàbí iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ ló bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí egungun tuntun tó lè dá ìyẹn padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fẹ́ kí etí ti gbẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ti ọmọ yín ti kọjá ìyẹn. Wọ́n á tún wo imú rẹ̀ àti ọ̀nà tóóró tó so ẹ̀yìn imú mọ́ àárín etí. Ọ̀nà yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọ etí. Bí ó bá dí, ìlù tuntun á máa fà wọlé, egungun tuntun kò sì ní rí àyè mì.

Etí ọmọbìnrin mi ṣì ń tú ní tirẹ̀. Kí la lè ṣe kó gbẹ? Ìyá ọkọ mi ní kí n fi àdín díẹ̀ sí i. (Ìyàwó ilé, Ìwó)

Ẹ dákun, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá wa pé kí ẹ má fi àdín sí i. Òróró, omi ọsàn wẹ́wẹ́, kẹrosínì, kò sí èyí tó yẹ kó wọ etí tí ìlù rẹ̀ ti lu, nítorí tààrà ni yóò wọ àárín etí.

Ẹ ká aṣọ funfun tó mọ́, tó sì ń fa omi, tàbí bébà ìnujú tó nípọn, kó rí ṣóńṣó. Ẹ fi sí ẹnu ihò etí títí yóò fi rin, ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi òmíràn sí i títí ti ìkẹyìn yóò fi jáde ní gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má lo igi tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí, títì ló máa ń ti ọyún wọlé. Lẹ́yìn tí etí bá gbẹ lọ́wọ́ kan ni kí ẹ kán oògùn sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ní ciprofloxacin nínú ni kí ẹ ní kí dókítà kọ fún yín. Àwọn oògùn ìkánsétí tó ní gentamicin tàbí neomycin wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti lu, wọ́n lè ba inú etí lọ́hùn-ún jẹ́, ìbàjẹ́ yẹn kì í sì í padà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí ọyún kò dá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ etí kó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Mo ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì jáde létí mi. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, àmọ́ etí náà dí. Ṣé kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá? (Mẹkáníìkì, Ìlọrin)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ewu. Bí kò bá sí òòyì tó le, tí ojú yín kò sì wọ́ sápá kan, kò sí ìkánjú. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ìlù etí lè dí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ìlù tó ya náà sábà máa ń jinná láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ ṣe ìdánwò ìgbọ́ràn nísinsìnyí, kí ẹ tún un ṣe nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Bí àlàfo ńlá bá ṣì wà nígbà náà, tí ìlù sì ti jinná, ó ṣeé ṣe kí egungun ti yẹ̀. Oríkèé incus àti stapes ló wọ́pọ̀ jù, torí pé kò sí iṣan gidi tó di incus mú bí ti malleus àti stapes. CT scan (àwòrán inú orí) tí wọ́n yà ní wẹ́wẹ́ máa ń fi í hàn. Ṣùgbọ́n bí omi tó mọ́ gaara bá ń kán létí tàbí nímú yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ó lè jẹ́ omi ọpọlọ.

Wọ́n ní àwọn lè lo egungun tèmi fúnra mi, tàbí kí n ra ti titanium (irú irin kan) tó ń ti òkè òkun wá. Owó rẹ̀ pọ̀. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

Ohun tó ṣẹ́kù nínú etí yín ló ń pinnu, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní hàn títí wọn yóò fi ṣí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu incus nìkan ló jẹ díẹ̀, mìlímítà kan tàbí méjì, tí stapes pé, àwọn kan máa ń fi sìmẹ́ńtì egungun dí àlàfo náà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń gan, kò sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí omi rárá nígbà tó ń gan. Ìsokọ́ra tí Ọlọ́run ṣe ni wọ́n ń dá padà bẹ́ẹ̀, ìgbọ́ràn rẹ̀ sì máa ń dára. A kì í lò ó níbi tí omi ọpọlọ lè kàn án: irú rẹ̀ kan tó ní aluminium ṣe ọpọlọ àwọn aláìsàn léṣe ní àwọn ọdún 1990.

Bí apá gígùn incus bá ti lọ, tí orí stapes àti ọwọ́ malleus ṣì wà, wọ́n lè yọ ìyókù incus náà kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n á fi dírìlì olórí díámọ́ńdì kékeré lu kòtò kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí orí stapes yóò wọ̀, wọ́n á ya ojú òpó kan sí òkè rẹ̀ tí ọwọ́ malleus yóò sùn sí, wọ́n á sì há a sáàárín méjèèjì. Ara kì í kọ̀ ọ́, torí ti ara ni. Kì í sì í náni ní kọ́bọ̀ lórí owó iṣẹ́ abẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi sílẹ̀ kó sún mọ́ ògiri etí jù, ó lè so mọ́ ọn, kó sì gan síbẹ̀. Incus tí cholesteatoma ti yí ká, a kì í lò ó padà. Èérún awọ lè fara pamọ́ sínú ihò wẹ́wẹ́ ara egungun náà. Nígbà kan, wọ́n máa ń lo egungun etí òkú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àrùn tó lè bá a wọlé ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ibi pa á tì.

Titanium wúlò níbi tí incus kò ti ṣeé lò. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan kúrú, ó ń dé orí stapes tó pé bíi fìlà. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 2. Èkejì gùn tó mìlímítà 4 tàbí kó lé díẹ̀, orí ẹsẹ̀ stapes ló ń dúró sí tààrà nígbà tí apá òkè stapes bá ti jẹ tán. Ó fúyẹ́ gan-an, kò sì wúwo lórí ìlù etí. Àwo orí rẹ̀ tó ní ihò ń jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ rí ìdí rẹ̀ nígbà tó ń gbé e kalẹ̀. Hydroxyapatite, tí èròjà rẹ̀ jọ ti egungun, náà wà.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò nínú àwọn tí wọ́n rà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fi kérékéré bò ó lórí. Láti ara etí yín níta ni wọ́n ti ń gé e, wọ́n á fá a títí yóò fi tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sáàárín àwo náà àti ìlù etí. Bí titanium bá fara kan ìlù láìsí kérékéré, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gún un, títí yóò fi yọ síta.

Gígùn rẹ̀ ló tún le jù. Bí ó bá kúrú, á ṣubú, tàbí kó má kan ibi kankan. Bí ó bá gùn, á ti ìlù síta tàbí kó tẹ ẹsẹ̀ stapes wọlé, òòyì á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdajì mìlímítà ló wà láàárín kí ènìyàn gbọ́ràn àti kí ó má gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ fi ohun ìwọ̀n wọn àyè náà kí wọ́n tó mú èyí tí wọn yóò fi sí i.

Ìdáhùn wa rèé: bí stapes yín bá pé, tí incus sì mọ́, ẹ máa fi owó titanium pamọ́. Egungun tiyín á ṣe é dáadáa. Níbi tí apá òkè stapes wà, nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta ni àlàfo ìgbọ́ràn wọn máa ń dín kù sí 20 dB tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò ti sí, ó máa ń sún mọ́ ìdajì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò méjèèjì yìí tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín titanium àti egungun ara ẹni lọ.

Báwo ni iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí, kí ló sì lè ṣẹlẹ̀? (Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, Adó-Èkìtì)

Wọ́n á fún ọ ní oògùn akunilóorun. Wákàtí kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta ni, bí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ bá ṣe rí. Wọ́n lè gba ihò etí wọlé tàbí kí wọ́n la ẹ̀yìn etí; ojú ọgbẹ́ ẹ̀yìn etí kì í hàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ara rẹ bá máa ń hu àpá tó wú, sọ fún wọn ṣáájú. Bí ìlù bá lu, wọ́n á bu awọ tín-ín-rín lórí iṣan ẹ̀bátí, wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ lásìkò kan náà. Wọ́n á wá fi kànìnkànìn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ti egungun tuntun náà kó má yẹ̀. Bí etí bá ṣì ń tú tàbí tó ní cholesteatoma, wọ́n lè fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n sì fi egungun sílẹ̀ di oṣù mẹ́fà sí méjìlá, kí wọ́n lè tún ṣí i wò kí wọ́n tó to egungun. Ìpinnu tó dára ni ìyẹn, má ṣe rò pé wọ́n ń sún iṣẹ́ síwájú.

Iṣan kan tó ń gbé adùn láti ahọ́n gba àárín malleus àti incus kọjá. Bí wọ́n bá fà á, ẹnu lè máa korò tàbí kó máa rí bí irin fún oṣù mélòó kan. Òòyì ọjọ́ díẹ̀ wọ́pọ̀. Kí iṣan ojú farapa ṣọ̀wọ́n. Kí etí dí pátápátá náà ṣọ̀wọ́n, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ kí o tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti UITH ní Ìlọrin. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà fún etí, National Ear Care Centre, wà ní Kaduna.

Ìgbà wo ni mo lè wọ bàálù padà sí London, ṣé mo sì lè fọ irun? Ṣé MRI (ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tó ní òòfà) kò ní fa irin náà yọ? (Arábìnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ abẹ nílé)

Ẹ fún bàálù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí oníṣẹ́ abẹ yín sì wò ó kí ẹ tó gbéra. Láàárín àkókò yẹn, ẹ má fun imú. Bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ la ẹnu. Ẹ má gbé ohun tó wúwo. Nígbà tí ẹ bá ń fọ irun, ẹ fi Vaseline pa òwú, kí ẹ fi dí ihò etí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń yọ ohun tí wọ́n kì sínú etí, títí di ìgbà náà ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má jáyà. Ìdánwò ìgbọ́ràn tó ní ìtumọ̀ di bí oṣù mẹ́ta.

MRI kì í fa titanium. Síbẹ̀, ẹ gba ìwé tó sọ orúkọ àti irú ohun tí wọ́n fi sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Wọ́n to egungun fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo gbọ́ràn dáadáa fún ọdún kan, ó tún ti wálẹ̀. Kí ló fà á? (Oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọ̀gá, bí ó bá wálẹ̀ lójijì, bóyá lẹ́yìn tí ẹ sín tàbí tí ẹ gba ìgbájú, ó ṣeé ṣe kí egungun náà ti yẹ̀ kúrò lórí stapes. Bí ó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti imú ti dí, ìlù ti fà wọlé tàbí àpá inú etí ti so ohun gbogbo mọ́ra. Bí etí bá tún ń tú, titanium lè ti gún ìlù yọ, tàbí kí cholesteatoma ti padà. Èyí ìkẹyìn ni kò gbọdọ̀ dúró. Dókítà lè mọ ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí nípa wíwo etí lásán.

Wọ́n lè tún un ṣe. Àmọ́ bí ìdí tí àkọ́kọ́ fi bàjẹ́ bá jẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí wọn kò sì ṣe nǹkan kan sí i ju kí wọ́n to egungun míràn lọ, ibi kan náà ni yóò já sí. Wọ́n lè fi kérékéré tó nípọn ṣe ìlù kó má lè fà wọlé, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé sí i. Ẹ béèrè ìdí ná, kí ẹ tó dá ọjọ́.

Etí mi kò tú rí, ìlù rẹ̀ sì pé. Ó kàn ń dí lọ ni, ó tún le sí i nígbà oyún. (Abiyamọ, Àkúrẹ́)

Èyí jọ otosclerosis: egungun tuntun hù yí ẹsẹ̀ stapes ká, ó sì gan. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó sọ pé òun ni. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á yọ apá òkè stapes, wọ́n á lu ihò tó tó nǹkan bíi mìlímítà 0.8 sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pá kékeré mìlímítà 0.6 kọ́ ara incus wọ inú ihò náà. Láti ìgbà tí dókítà John Shea ti fi èyí tí wọ́n fi Teflon (irú ike kan) ṣe sí i ní Amẹ́ríkà ní 1956 ni ọ̀nà yìí ti ń dára sí i, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sì ń ní àṣeyọrí tó ga ju ti etí tó ti ń tú lọ. Ẹni tó ń ṣe é lóòrèkóòrè ni kí ẹ wá.

Etí òsì mi dí pátápátá láti ìgbà tí mo ti ní yírùnyírùn ní kékeré. Ọ̀tún, tí mo fi ń gbọ́, ni egungun rẹ̀ wá jẹ. Ṣé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ? (Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má ṣe é nítorí ìgbọ́ràn. Bí iṣẹ́ abẹ bá lè pa etí kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ní etí méjì lè gba ewu yẹn. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò yẹ kó gbà á. Cholesteatoma nìkan ló lè fipá mú wa ṣí i, ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ni yóò sì ṣe é.

Nítorí pé inú etí yín lọ́hùn-ún ṣì dára, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn á wúlò fún yín gan-an. Bí etí bá ń tú, tí ẹ̀rọ tó ń wọ ihò etí kò bá bá a mu, ẹ béèrè èyí tó ń gba orí egungun: wọ́n fi ọ̀já dè é mọ́ ẹ̀yìn etí, ó ń gbọ̀n egungun orí, ohùn á sì dé inú lọ́hùn-ún láìgba ọ̀dọ̀ ìlù tàbí egungun mẹ́ta yẹn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú yàrá ìdánwò nìkan.